Kí A Tó Fi Kún Agbára Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Akẹ́rù

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ń gun òkè tẹrùtẹrù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, tí èéfín dúdú ń tú lẹ́yìn rẹ̀, tí iná ẹ́ńjìnnì sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìmọ̀ràn méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé etí ẹni tó ni ín. Ẹnì kan á ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí wọ́n tú u palẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí wọ́n fi kún agbára rẹ̀. Ìmọ̀ràn méjèèjì ló ń náni lówó, méjèèjì ló sì ti fo ìbéèrè kan tó yẹ kó ṣáájú: kí ni ẹ́ńjìnnì yìí kò rí gbà tó, tàbí kí ló ń gbà ní àgbàjù? Bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n máa ń ta tọ́ọ̀bò tuntun (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) fún nígbà tó jẹ́ pé họ́ọ̀sì ló ya.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá, kò ní plọ́ọ̀gì tó ń tan iná sí epo. Rudolf Diesel, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ yanjú ní ọdún 1897, ló fi hàn pé bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gidigidi nínú sílíńdà, ooru afẹ́fẹ́ náà nìkan tó láti mú kí epo gbiná. Písítìn á ti afẹ́fẹ́ náà sókè títí yóò fi há sínú àyè tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún tàbí méjìdínlógún ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ooru rẹ̀ á kọjá 500°C. Ìgbà náà ni nọ́súlù á fọ́n epo sí i, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì báyìí ń béèrè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: afẹ́fẹ́ tó tó, epo mímọ́ tó wọlé ní ìwọ̀n, ìfúnpọ̀ tí kò jò, àti àsìkò gan-an tó yẹ kí epo wọlé. Bí ọkọ̀ kò bá fà mọ́, bí ó bá ń rú èéfín, tàbí tí kò fẹ́ tètè jí láàárọ̀, inú àwọn mẹ́rin yìí ni kí a ti kọ́kọ́ wádìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí wọ́n ń pè ní fífi kún agbára ẹ́ńjìnnì kò ju kí a mọ̀ọ́mọ̀ yí ìwọ̀n àwọn mẹ́rin yìí kan náà padà. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí àti ìfikún fi jẹ́ iṣẹ́ kan náà, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe èkejì láìṣe èkíní.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé èéfín ni ìwà, nítorí kò sí bí a ṣe lè bò ó tí kò ní yọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ́ńjìnnì mu gidigidi. Èéfín dúdú ń sọ pé epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ó lè jẹ́ pé fílítà afẹ́fẹ́ ti dí, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́yìn tó kúrò nínú tọ́ọ̀bò, ó sì lè jẹ́ pé nọ́súlù kan ń da epo dípò kí ó máa fọ́n ọn. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jó pẹ̀lú epo, yálà ríǹgì písítìn ti jẹ, tàbí síìlì tọ́ọ̀bò ti ń jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá. Èéfín funfun ló máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jù, nítorí ohun méjì tí kò jọra rárá ló ń gbé e jáde. Epo tí kò jó lè jáde ní funfun nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù tàbí tí ìfúnpọ̀ bá lọ sílẹ̀. Irú èéfín bẹ́ẹ̀ máa ń ta ojú, òórùn dísẹ́ẹ̀lì tútù ló sì ń ní. Omi rédíétọ̀ tó ráyè wọ sílíńdà náà á jáde ní funfun, ṣùgbọ́n èéfín omi gbígbóná nìyẹn. Ó máa ń tètè pòórá lójú ọ̀run, ó sì sábà máa ń ní òórùn dídùn nítorí kẹ́míkà tó wà nínú omi náà. Ẹni tó bá rí irú èkejì yìí, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù láìjò sílẹ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnnì kí ó má sì tún un gbé rìn, torí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì lè ti jó, omi kò sì ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí ó bá pọ̀ nínú sílíńdà kan, ó lè mú kí irin tó gbé písítìn dúró tẹ̀.

Ní ti iná tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà. Láti ọdún 1996 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí ọkọ̀ kéékèèké àti ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́ẹ́rẹ́ tuntun máa lo ìlànà kan náà tí wọ́n ń pè ní OBD-II, èyí tó ń fi kóòdù bíi P0299 tàbí P0087 ròyìn àìsàn. Ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ní ìlànà tiwọn, tí ń jẹ́ J1939. Nínú tiwọn, nọ́ńbà méjì ló máa ń jáde pọ̀: SPN ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kàn, FMI sì ń sọ irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka èkíní, wọn kì í ka èkejì, èyí sì ń ná wọn lówó tí kò yẹ kí wọ́n ná.

Ẹ jẹ́ kí a wo SPN 110, tó jẹ́ ti ooru omi ẹ́ńjìnnì. Bí FMI tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ 0, ohun tó ń sọ ni pé omi náà ti gbóná kọjá ààlà ní tòótọ́, kí awakọ̀ wá ibi tí kò léwu, kí ó sì dúró. Ṣùgbọ́n bí FMI bá jẹ́ 3, ohun tó ń sọ ni pé iná mànàmáná tó ń ti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó sábà máa ń túmọ̀ sí pé wáyà ti já tàbí pé ojú ibi tí wọ́n ti so ó ti dípẹtà. Ooru kọ́ ni àìsàn níbẹ̀. Nígbà tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá já, sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù ọkọ̀, lè sọ pé omi ẹ́ńjìnnì wà ní 40°C nísàlẹ̀ òdo, tí ọwọ́ ẹni tó fi kan rédíétọ̀ sì ń jó. SPN kan náà ni, ṣùgbọ́n èkíní ń wá omi, fáànù àti pọ́ǹpù omi, èkejì sì ń wá wáyà. Kóòdù kì í ṣe ìdájọ́. Ẹlẹ́rìí kan ni, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sì ń sọ. Ó rí i pé afẹ́fẹ́ tọ́ọ̀bò kéré, kò rí ẹni tó jí afẹ́fẹ́ náà gbé.

Mo wà nídìí ọkọ̀ kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láìlẹ́rù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti di ẹrù sí i tó sì dé ẹsẹ̀ òkè, á rẹ̀ ẹ́, èéfín dúdú á sì bò ó. Kóòdù tó jáde ni SPN 102 pẹ̀lú FMI 18, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tí tọ́ọ̀bò ń tì sínú ẹ́ńjìnnì kò tó ìwọ̀n. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti sọ pé tọ́ọ̀bò ti bàjẹ́, kí wọ́n rà á. Èkejì kò rà nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ mi ọ̀pá àárín tọ́ọ̀bò náà wò bóyá ó ń mì nínú ilé rẹ̀, kò mì. Ó wo àwọn abẹ́ rẹ̀, wọn kò họ. Ó wá tú họ́ọ̀sì rọ́bà tó wà láàárín tọ́ọ̀bò àti ìńtákúlà, ìyẹn rédíétọ̀ tó ń tu afẹ́fẹ́ lára kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ó sì fi àtàǹpàkò méjèèjì fà á síta. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú kò lè dé nígbà tó wà lórí ọkọ̀, ìlà kan tó gùn tó ìka kan lanu. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ìlà náà á pa ẹnu dé, bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣe wẹ́kú: láìlẹ́rù, afẹ́fẹ́ kò le tó láti ṣí i, lórí òkè, tọ́ọ̀bò fi gbogbo agbára tì, ìlà náà lanu, afẹ́fẹ́ sá jáde, epo wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Àti dúdú èéfín, àti kóòdù, àti àìlèfà, orísun kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ohun tó dára jù láti fi wá irú ìjò báyìí ni kí a dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i ní ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi ọwọ́ sí, kí a sì máa da omi ọṣẹ sí ojú oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ń hó ni.

Ẹ̀gbẹ́ epo gba sùúrù ju ẹ̀gbẹ́ afẹ́fẹ́ lọ. Láti inú táǹkì dé pọ́ǹpù, fífà ni wọ́n ń fa epo lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọn kì í tì í. Nítorí náà ihò tó bá wà lójú ọ̀nà yẹn kì í sábà jò síta nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fà wọlé. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀kán epo nílẹ̀ kò ní rí i láéláé. Àmì tó ń fi hàn ni pé ọkọ̀ kì í tètè jí lẹ́yìn tó bá ti sùn mọ́jú, torí epo ti padà sínú táǹkì, afẹ́fẹ́ sì ti gba àyè rẹ̀. Họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara, tí a fi rọ́pò apá kan ọ̀nà epo fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á fi hàn wá bí àwọn ìfófòó bá ń sáré kọjá lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn pọ́ǹpù, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, gbogbo nọ́súlù ló ń mu epo láti inú páìpù kan ṣoṣo tí epo inú rẹ̀ lè dé 2,000 báà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù kò ju nǹkan bí 8 báà lọ. Ohun tó wà nínú páìpù yẹn jẹ́ ìlọ́po 250 rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò níbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Epo tó ń tú jáde láti ojú ihò tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ á kéré, kò tilẹ̀ ní dunni púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n epo tó wọ inú ẹran ara lè mú kí wọ́n gé ọwọ́ náà bí ẹni náà kò bá tètè dé ilé ìwòsàn.

Ọ̀nà tó rọrùn tó sì dánilójú láti mọ nọ́súlù tó ti rẹ̀ ni ti ìgò. Nọ́súlù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tóóró kan tí epo tí kò lò ń gbà padà sí táǹkì. Lórí ẹ́ńjìnnì tí ọ̀nà yìí bá wà níta, a ó tú u, a ó sì fi họ́ọ̀sì kéékèèké darí epo tó ń bọ̀ láti orí nọ́súlù kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀, kí a wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ láìtẹná fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí mẹ́fà bá ni ìgò, tí márùn-ún nínú wọn kún débì kan náà, tí ẹ̀kẹfà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ọrùn, a ti rí ẹni tí à ń wá: nọ́súlù yẹn ti jẹ nínú, ó ń dá epo padà dípò kí ó máa dá a dúró, kò sì jẹ́ kí páìpù náà le tó. Kóòdù bíi P0087, tó ń sọ pé epo inú páìpù kò le tó, máa ń mú kí àwọn ènìyàn sáré ra pọ́ǹpù, tó sì jẹ́ pé pọ́ǹpù ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ìfúnpọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sikánà tó bá ní àṣẹ lè pa sílíńdà kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ-lẹ́yọ. Èyí tí a bá pa tí ìró ẹ́ńjìnnì kò yí padà ni kò ti ń ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Géèjì ìfúnpọ̀ á wá sọ bóyá ríǹgì tàbí fáàfù ló fà á. Ohun tí a ń wò ni bí àwọn sílíńdà ṣe bá ara wọn mu. Èyí tó bá fi púpọ̀ rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù ni kí a bi léèrè.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti tọ́, a lè wá sọ̀rọ̀ ìfikún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta iṣẹ́ yìí máa ń dá nọ́ńbà agbára ẹṣin nìkan, nọ́ńbà náà kò sì pé bí wọn kò bá sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń gbé ẹrù kúrò lójú kan ni agbára ìyí, tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀kì. Bí a bá fi iye ìyí ní ìṣẹ́jú kan sọ tọ́ọ̀kì, tí a fi Nm (níútìn-mítà) wọ̀n, di púpọ̀, tí a sì fi 9,549 pín in, a ó rí agbára ní kílówáàtì. Tọ́ọ̀kì 2,000 Nm ní ìyí 1,200 jẹ́ nǹkan bí 251 kílówáàtì. Tọ́ọ̀kì kan náà ní ìyí 1,800 jẹ́ 377. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè kò nílò agbára tó fara hàn ní ìyí gíga nìkan. Ìsàlẹ̀ ló ti nílò rẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ńláńlá ti máa ń lo epo rẹ̀ dáadáa jù, ní nǹkan bí 1,100 sí 1,400.

Ohun tí àtúntò, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà fi kún agbára, ń ṣe ni pé ó ń yí tábìlì inú ọpọlọ ọkọ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) padà, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń sọ iye epo tí nọ́súlù yóò fọ́n, ìgbà tí yóò fọ́n ọn, bí tọ́ọ̀bò yóò ṣe tì tó, àti ààlà tọ́ọ̀kì tí ilé-iṣẹ́ fi sí i kí gíà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ má bàa já. Àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ kò yí tábìlì kankan padà. Púpọ̀ nínú wọn ń parọ́ fún ọpọlọ ọkọ̀ ni, wọ́n ń sọ fún un pé epo inú páìpù kò le tó bó ṣe le, kí ó lè tún un tì sí i. Èmi kò fara mọ́ irú àpótí yẹn rárá, nítorí ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá ń ṣàìsàn ní tòótọ́, nọ́ńbà tí sikánà yóò ka fún wa kò ní jẹ́ òtítọ́ mọ́.

Epo tí a bá fi kún láìfi afẹ́fẹ́ kún un á di èéfín dúdú àti ooru. Ooru yìí ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, kì í ṣe agbára fúnra rẹ̀. Alumíníọ̀mù tí kò lábùlà máa ń yọ́ ní 660°C, èyí tí wọ́n fi ń ṣe písítìn, tó ní irin mìíràn nínú, sì máa ń tètè yọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń gbà á là ni pé iná kì í dúró lórí rẹ̀ pẹ́, ọ́ìlì sì ń fọ́n sí abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà géèjì tó ń ka ooru èéfín ṣíwájú tọ́ọ̀bò ni ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi kún agbára. Bí ooru náà bá ń pẹ́ ní òkè 700°C nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, epo ti pọ̀ jù, ohun yòówù tí ìwé ẹni tó tò ó bá sọ.

Wọ́n tún máa ń dá a lámọ̀ràn pé kí a yọ fílítà èéfín inú sálẹ́ńsà kúrò, nítorí ó ń dí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fílítà yẹn máa ń jó ẹ̀túú (ìyẹ̀fun dúdú tí èéfín ń gbé bọ̀) inú rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀ nígbà tí ooru bá dé nǹkan bí 600°C. Bí ó bá ń tètè dí, ẹ̀túú ló ń pọ̀ jù láti òkè wá: nọ́súlù tó ń da epo, họ́ọ̀sì tó ya, tàbí tọ́ọ̀bò tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́, àìsàn náà sì wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ka irú yíyọ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀túú náà sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó wà lójú ọ̀nà.

Bí ó bá jẹ́ owó epo ni ẹnìkan fẹ́ dín kù, kí ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà. Agbára tí ọkọ̀ ń ná láti la afẹ́fẹ́ kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì bí eré rẹ̀ bá kúrò ní 80 kìlómítà ní wákàtí kan tó sì di 100. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, àti búréèkì tó ń gbá mọ́ ẹsẹ̀ láìṣí, máa ń jẹ epo lójoojúmọ́, kò sì sí tábìlì kọ̀ǹpútà kankan tó lè dá a padà.

Ẹni tó bá wá pinnu láti ṣe àtúntò lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ da fáìlì tó wà nínú ọpọlọ ọkọ̀ látilẹ̀ sí ibòmíràn, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òun náà. Kí ó gbé ọkọ̀ lọ sí òkè kan náà pẹ̀lú ẹrù kan náà ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí sikánà sì wà lórí rẹ̀ ní ìgbà méjèèjì, kí ó ṣàkọsílẹ̀ bí tọ́ọ̀bò ṣe tì tó, bí epo inú páìpù ṣe le tó, bí omi ṣe gbóná àti bí èéfín ṣe gbóná. Bí ọkọ̀ bá gun òkè yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ooru méjèèjì kò sì kọjá ààlà, iṣẹ́ náà dára. Bí ó bá yá ṣùgbọ́n tí ooru èéfín ń gòkè láìdúró, kí wọ́n dá fáìlì àkọ́kọ́ padà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.